Rẹ́gúlétọ̀ Inú àbí Rẹ́gúlétọ̀ Ìta: Fún Ẹni Tí Kò Lè Yà Sẹ́bàá Títì

Iná mọ́tò tó mọ́lẹ̀ jù kì í bí awakọ̀ nínú. Lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ìtòkín títí dé Ẹ̀pẹ́, níbi tí òkùnkùn ti máa ń ṣú biribiri láàárín abúlé kan sí èkejì, awakọ̀ kọ́rópè tí iná iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ṣàdédé tàn yòò lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ á rò pé oríire ló dé bá òun. Bó bá tẹná, ìmọ́lẹ̀ á le sí i. Bó bá gbẹ́sẹ̀ sókè, á rọlẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, gílóòbù méjèèjì ti jó, omi bátìrì ti gbẹ dé ìdajì, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ sì ti gba abẹ́ ìjókòó. Rìwáyà tó bá ṣí i wò kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀: rẹ́gúlétọ̀ ti lọ.

Awakọ̀ yẹn rí ojúure kan ṣá. Orí ilẹ̀ ló wà. Ó lè yà sẹ́bàá títì ní Ìmọ̀tà, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìyá oníbúrẹ́dì títí rìwáyà yóò fi dé. Ẹni tó wà lójú ọ̀sà láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú kò ní bẹ́ǹṣì tí yóò jókòó sí. Ẹni tó wà lófúrufú, nínú bàálù kékeré tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, kò tilẹ̀ ní omi tí yóò léfòó lé. Àwọn wọ̀nyí ni orí ìwé yìí wà fún: ẹni tí kò ra ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ ti tò tán, tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ so ẹ́ńjìnnì mọ́ bátìrì, tó sì gbọ́dọ̀ pinnu bóyá ọ̀tánétọ̀ tí rẹ́gúlétọ̀ rẹ̀ wà nínú ikùn rẹ̀ lòun yóò lò, tàbí èyí tí rẹ́gúlétọ̀ rẹ̀ dá dúró síta.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ máa ń bi rìwáyà ni pé èwo ló ń ṣáàjì jù. Ìbéèrè yẹn kò lérè, torí bí ara méjèèjì bá ṣáà ti dá, bákan náà ni wọ́n ń ṣáàjì. Ohun tó yẹ kí èèyàn béèrè ni pé, lọ́jọ́ tí rẹ́gúlétọ̀ bá ya wèrè, ǹjẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń wakọ̀ lè tó wáyà tí yóò fi pa á?

Ebi àti àjẹkì

Nínú gbogbo ọ̀tánétọ̀ mọ́tò, wáyà kan wà tí wọ́n ká mọ́ irin tó ń yí láàárín. Iná kékeré, áńpíà mẹ́ta sí márùn-ún lọ́pọ̀ ìgbà, ń gba ara kábọ̀n méjì wọ inú wáyà yìí, á sì sọ irin náà di òòfà. Bí bẹ́líìtì bá ti ń yí òòfà náà, iná ńlá á máa jáde lára wáyà tó yí i ká, áńpíà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dáyóòdù mẹ́fà á sì tún un ṣe di irú iná tí bátìrì lè gbà. Wáyà tó ń gbé iná kékeré yẹn wọlé ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní wáyà fíìdì. Ẹni tó bá mú wáyà fíìdì lọ́wọ́ ló mú ọ̀tánétọ̀ lọ́rùn.

Ibẹ̀ gan-an ni rẹ́gúlétọ̀ jókòó sí. Ó ń wo fólítì bátìrì. Bó bá lọ sílẹ̀, á ṣí ọ̀nà fún fíìdì. Bó bá gòkè dé bíi 14.2, á tì í. Ó ń ṣí, ó ń tì, lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Bátìrì onífólítì 12 tó kún, tó sì ti sinmi, á fi nǹkan bíi 12.6 hàn lórí mítà. Bó bá ti wálẹ̀ dé 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, àárín 13.8 sí 14.4 ló yẹ kó wà. Onítípà tó ń kó yanrìn, tí ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ onífólítì 24, kí ó sọ gbogbo iye yìí di ìlọ́po méjì.

Ọ̀nà méjì ni rẹ́gúlétọ̀ ń gbà kú. Ó lè kú ní títì, kí fíìdì má rí iná gbà mọ́. Ṣáàjì á dúró, bátìrì á sì máa fi ara rẹ̀ bọ́ gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ó sì lè kú ní ṣíṣí, kí fíìdì máa gba iná láìdúró. Fólítì á gòkè lọ sí 15, sí 16, sí 17, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń sáré, kò ní dúró níbẹ̀. Ebi ni ikú àkọ́kọ́, àjẹkì ni èkejì. Bátìrì áńpíà-wákàtí 32 tó ń bọ́ ẹrù áńpíà mẹ́jọ lè fara da ebi fún wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí nǹkan tó bàjẹ́. Àjẹkì kì í dúró de ẹnì kan. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó lè jó rédíò, kó jó GPS, kó sì mú kí bátìrì máa hó, kó máa tú afẹ́fẹ́ tó ń gbiná jáde.

Láti ìgbà kọ́táòtù

Àwọn àgbà rìwáyà tó kọ́ṣẹ́ lórí Volkswagen Ìjàpá mọ rẹ́gúlétọ̀ ìta bí ẹni mowó. Dáínámò ni ọkọ̀ ayé ìgbà náà ń lò, àpótí dúdú kékeré tí wọ́n ń pè ní kọ́táòtù ló sì ń ṣọ́ ọ. Irin tín-ín-rín ló ń gbọ̀n nínú rẹ̀, tó ń fẹnu kan ẹnu, tó ń já. Bí ṣáàjì bá ga jù, àgbà rìwáyà á ṣí ìdérí, á fi yanrìnpépà nu ẹnu irin, á fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á tún wo mítà. Iṣẹ́ tán.

Ní 1960 ni ilé iṣẹ́ Chrysler ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀tánétọ̀ sínú ọkọ̀ Valiant, ṣùgbọ́n rẹ́gúlétọ̀ rẹ̀ ṣì wà níta. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni Delco, tó jẹ́ ọmọ General Motors, gbé 10SI jáde, èyí tí rẹ́gúlétọ̀ rẹ̀ ti kéré débi tó fi ráyè wọ inú ọ̀tánétọ̀ fúnra rẹ̀. Lucas nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe irú tirẹ̀. Ní 1975, nígbà tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ nílùú Èkó, tí Peugeot náà sì ń to tiẹ̀ ní Kàdúná, ayé ti ń yí kúrò lórí àpótí dúdú. Lónìí, ẹni tó bá lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin láti ra ọ̀tánétọ̀ tòkunbọ̀, ti inú ni wọn yóò kó síwájú rẹ̀. Èyí tó bá fẹ́ ti ìta ni yóò máa wá kiri.

Ìyẹn sì ni ohun àkọ́kọ́ tó ń gbe ti inú lẹ́sẹ̀: ó wà nítòsí, owó rẹ̀ kò ga, ẹyọ ohun kan ṣoṣo sì ni. Èyí tó wọ́pọ̀ lára Toyota, tí ilé iṣẹ́ Denso ṣe, ní ihò mẹ́ta péré lẹ́yìn, tí wọ́n kọ IG, S àti L sí, yàtọ̀ sí wáyà ńlá tó lọ sí bátìrì. IG ló ń jí i láti ara súìṣì. S ń lọ wo fólítì lórí bátìrì gan-an. L ló ń tan gílóòbù pupa tó ní àwòrán bátìrì níwájú awakọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ti lo oṣù mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù lè so ó láìṣìnà.

Gílóòbù pupa yẹn yẹ fún ọ̀rọ̀ díẹ̀. Nínú ọ̀tánétọ̀ àtijọ́, àwọn ti Bosch àti ti Lucas pàápàá, iná tó ń gba inú gílóòbù kọjá ló ń kọ́kọ́ ta fíìdì jí nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná. Bí gílóòbù bá jó, ọ̀tánétọ̀ lè sùn lọ fọnfọn títí awakọ̀ yóò fi tẹná gan-an. Ní báyìí táwọn ọ̀dọ́ ń yọ gílóòbù dáṣíbọọ̀dù, tí wọ́n ń fi LED rọ́pò rẹ̀ kí ó lè rẹwà, ọ̀pọ̀ ọ̀tánétọ̀ tí ara rẹ̀ dá ni wọ́n ti gbé jù sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù pé ó ti kú, torí iná tí LED ń gbà kéré jù láti jí i. Kí wọ́n dá gílóòbù padà, tàbí kí wọ́n so rẹsísítọ̀ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ LED náà, ọ̀tánétọ̀ á jí.

Àléébù ti inú kì í pẹ́ hàn nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 12. Ẹ́ńjìnnì gbóná, ọ̀tánétọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, rẹ́gúlétọ̀ sì wà láàárín dáyóòdù tí òun náà ń gbóná. Wọ́n ti kọ́ ọ pé bí ooru bá pọ̀, kí ó dín fólítì kù, kí bátìrì má baà hó. Ooru ara rẹ̀ ló ń mọ̀, kò mọ ti bátìrì. Bátìrì lè wà níbi tó tutù lábẹ́ ìjókòó, tí ebi ń pa á, kí rẹ́gúlétọ̀ sì máa rò pé òun ń ṣàánú rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń fẹsẹ̀ palẹ̀ lójú kan, ọ̀tánétọ̀ kì í lè mú ìdajì agbára rẹ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí bátìrì tó ń ná Ìkòròdú sí Mile 12 láàárọ̀ fi máa ń tètè rẹ̀ ju èyí tó ń ná ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ.

Àléébù ńlá wà lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀tánétọ̀ ti inú, bí wọ́n bá ti jí, wọn kì í sùn mọ́ àfi tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Inú ara wọn ni wọ́n ti ń rí iná fíìdì. Bí rẹ́gúlétọ̀ bá kú ní ṣíṣí, ẹni tó já wáyà IG kò já nǹkan kan.

Ẹni tó bá yan ti ìta

Ó ti yan iṣẹ́ púpọ̀ nìyẹn, kí ó má tan ara rẹ̀. Àkọ́kọ́, oríṣi méjì ni fíìdì, wọn kò sì ṣeé pààrọ̀ fúnra wọn. Nínú oríṣi kan, orí fíìdì kan ti wà lára ẹ́ẹ̀tì, rẹ́gúlétọ̀ ń fún orí kejì ní pọ́sítíìfù. Ìran Ford nìyẹn. Nínú èkejì, pọ́sítíìfù ti dúró lórí fíìdì, rẹ́gúlétọ̀ ń fún un ní ẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fi rẹ́gúlétọ̀ ọ̀kan sára èkejì, yálà kò ní rí ṣáàjì rárá, tàbí kó rí i ju bó ṣe fẹ́ lọ, tàbí kí èéfín jáde. Mítà ló ń sọ òtítọ́. Kí wọ́n yí i sí ohm, kí wọ́n fi orí kan sí ẹnu fíìdì, orí kejì sí ara ọ̀tánétọ̀. Bó bá fi bíi 3 ohm hàn, oríṣi àkọ́kọ́ ni. Bí kò bá fi nǹkan kan hàn, èkejì ni, tàbí kí kábọ̀n ti jẹ tán, èyí tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìkejì ni wáyà tí rẹ́gúlétọ̀ fi ń wo fólítì. Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere ti ń bàjẹ́. Ká ní wáyà náà gba inú súìṣì tó ti ń dá pàrá, gba inú fíùsì tó ti dípẹtà, gba inú ìsorí mẹ́ta kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ́gúlétọ̀. Ìdajì fólítì á ti jábọ́ lójú ọ̀nà. Rẹ́gúlétọ̀ á rí 14.2, á ní ó ti tó, bẹ́ẹ̀ 14.7 ni bátìrì ń jẹ. Rìwáyà á pààrọ̀ rẹ́gúlétọ̀ náà, á pààrọ̀ òmíràn, owó oníbàárà á máa lọ, rẹ́gúlétọ̀ kò sì ṣẹ̀. Ẹ́ẹ̀tì tí kò dúró dáadáa láàárín rẹ́gúlétọ̀ àti ara ọ̀tánétọ̀ ń bí ọmọ kan náà, ó tún ń mú kí abẹ́rẹ́ mítà máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Nítorí náà, kí wáyà tó ń wo fólítì ní fíùsì tirẹ̀, kí ó má gba ibi tí ẹrù ńlá ń gbà. Kí ẹ́ẹ̀tì rẹ́gúlétọ̀ sì ní wáyà tirẹ̀ tó dé ara ọ̀tánétọ̀. Síso ó mọ́ ara irin ọkọ̀ lásán kò tó, pàápàá níbi tí ọ̀dà wà.

Kí ló wá dé tí ẹnikẹ́ni fi ń ṣe wàhálà yìí? Nítorí súìṣì kan. Wáyà fíìdì ti ìta ń gba iwájú awakọ̀ kọjá. Ẹni tó bá rí fólítì tó ń gòkè, á tẹ súìṣì kan, áńpíà mẹ́ta sí márùn-ún á já, òòfà á kú, ọ̀tánétọ̀ á di irin lásán tó ń yí. Ẹ́ńjìnnì ń lọ. Kò sí wàhálà kankan. Yàtọ̀ sí èyí, rẹ́gúlétọ̀ ìta lè jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, jìnnà sí ooru, bó bá sì kú, èèyàn á tú ṣúrùú méjì, á fi òmíràn sí i láìtú bẹ́líìtì.

Yíyọ orí bátìrì, nílẹ̀ àti lókè

Àṣà kan wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, láti Sábó ní Ìkòròdú dé Òkè-Òyìnbó ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́, rìwáyà á yọ orí bátìrì kan. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá kú, wọ́n á ní ọ̀tánétọ̀ dára. Ìgbà dáínámò ni àṣà yìí ti wá, kò sì fi bẹ́ẹ̀ pa ẹnì kan lára nígbà náà.

Lórí ọ̀tánétọ̀, ìwà ìparun ni. Bátìrì dà bí àgbá ńlá tó ń gba àṣẹ́kù omi. Bí wọ́n bá gbé àgbá kúrò lójijì nígbà tí omi ń ya wálẹ̀, omi kò ní mọ̀ pé wọ́n ti gbé e. Òòfà inú ọ̀tánétọ̀ kì í kú lójú ẹsẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá tí kò pé kan, fólítì lè fò kọjá 60. Dáyóòdù lè gbà á, rẹ́gúlétọ̀ inú lè gbà á, bíréènì-bọ́ọ̀sì ọkọ̀ ìgbàlódé náà lè gbà á, kí oníbàárà wakọ̀ lọ tayọ̀tayọ̀, kó sì padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Mítà tí kò wọ́n ń sọ ohun tí ìdánwò yẹn ń sọ, kò sì pa nǹkan kan.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ kan náà ṣe dé òkè. Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ EAA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kan bàálù ní Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1953, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ti kan bàálù nínú gáréèjì ilé wọn. Bàálù ilé iṣẹ́ bíi Cessna 172 ti ń lo ọ̀tánétọ̀ ìran Ford pẹ̀lú rẹ́gúlétọ̀ ìta láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn onígáréèjì ní tiwọn rí ọ̀tánétọ̀ Denso olówó pọ́ọ́kú lára Toyota àti Suzuki, wọ́n gbé e sára ẹ́ńjìnnì, ó sì fúyẹ́. Ìbéèrè dé: bí rẹ́gúlétọ̀ inú bá kú ní ṣíṣí ńkọ́? Àwọn kan ní kí wọ́n fi ríléè ńlá sórí wáyà bátìrì, kí awakọ̀ fi já ọ̀tánétọ̀ kúrò lára bátìrì. Rìwáyà Sábó á mọ ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n ń yọ orí bátìrì lójú òfúrufú. Ẹni tó kàn tẹ súìṣì yẹn dánwò nígbà tí gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa lè fọwọ́ ara rẹ̀ pa rẹ́gúlétọ̀ tí kò ṣe é ní nǹkan kan.

Robert Nuckolls, ẹlẹ́rọ iná tó kọ ìwé AeroElectric Connection fún àwọn akanbàálù, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ láti ọwọ́ rẹ̀ kò le: ẹ̀rọ kékeré kan ń wo fólítì, bó bá ti kọjá bíi 16, á so wáyà fíìdì mọ́ ẹ́ẹ̀tì lójijì, bíréékà áńpíà márùn-ún tó wà lórí wáyà náà á já fúnra rẹ̀, fíìdì á kú. Kò dúró de ọwọ́ èèyàn. Kò sì ṣeé lò láìsí wáyà fíìdì tó jáde síta. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ṣí Denso, tí wọ́n ń yọ rẹ́gúlétọ̀ inú rẹ̀ dà nù, tí wọ́n sì ń fa wáyà kábọ̀n méjì síta fún rẹ́gúlétọ̀ mìíràn. Iṣẹ́ yẹn kò kọjá ọwọ́ rìwáyà Ìkòròdú tó mọ bí a ti ń fi irin ìjó-lẹ́ẹ̀dì ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ bíi Plane-Power gba àárín: rẹ́gúlétọ̀ wà nínú, ṣùgbọ́n wọ́n tún un kọ́ kí awakọ̀ lè pa á láti iwájú, wọ́n sì fi ẹ̀ṣọ́ fólítì sí i.

Ọ̀rọ̀ bàálù àfọwọ́kàn kò jìnnà sí Nàìjíríà tó bí àwọn kan ṣe rò. Air Beetle, bàálù ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ilé iṣẹ́ AIEP tò ní Kàdúná fún Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Òfúrufú láti ìparí àwọn ọdún 1980, ara RV-6A ni wọ́n ti mú un jáde, èyí tí ilé iṣẹ́ Van's Aircraft ní Oregon máa ń tà ní ìjànjá fún àwọn onígáréèjì nígbà náà. Ní 2007, akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì kan ní Yunifásítì Bayero ní Kánò kan hẹlikópítà láti ara ògbólógbòó mọ́tò, ẹ́ńjìnnì Honda Civic ló sì fi gbé e nílẹ̀.

Àpẹẹrẹ méjì yìí fi ìyàtọ̀ kan hàn tó ju inú àti ìta lọ. Ẹ́ńjìnnì Lycoming irú èyí tó wà lára Air Beetle ń lo mágínẹ́ẹ̀tò. Iná ìtànná rẹ̀ ń ti ara rẹ̀ wá. Bí bátìrì bá jó kanlẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní mọ̀. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò bíi ti Honda kò rí bẹ́ẹ̀: láìsí bátìrì, kò sí ìtànná, kò sí pọ́ǹpù epo, ẹ́ńjìnnì á kú. Ẹni tó bá fi irú èyí gòkè tàbí lọ sójú omi, fólítì ti di ẹ̀mí rẹ̀. Ó nílò wáyà fíìdì tó ṣeé já, ẹ̀ṣọ́ fólítì, àti bátìrì kejì tí kò sí lójú ọ̀nà àjẹkì.

Ẹ̀pẹ́, láàárín omi méjì

Ẹni tó ń fi ẹ́ńjìnnì àgbékọ́dìí kó èrò tàbí ẹja wá sí ọjà Olúwo lè ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Òòfà tí kì í kú ló wà lábẹ́ ìdérí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, kò sí wáyà fíìdì rárá, rẹ́gúlétọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ irú mìíràn. Ẹni tó gbé ẹ́ńjìnnì sínú ikùn ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ojú omi wà láàárín ilẹ̀ àti òkè. Èèyàn lè pa ẹ́ńjìnnì, kó ju ìdákọ̀ró sómi, ṣùgbọ́n kò lè ṣe é ní gbogbo ibi, pàápàá tí ìjì bá ń bọ̀. Nítorí náà èsì kò ṣe pàtó bíi ti bàálù. Dísùú àtijọ́ tí kò nílò iná lẹ́yìn tó bá ti jí lè lo ti inú, kí fóltímítà àti fìtílà pupa ṣáà wà lójú awakọ̀. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù inú ikùn ọkọ̀ ní ọ̀ràn tirẹ̀. Èéfín pẹtiróòlù máa ń rọra jókòó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kábọ̀n ọ̀tánétọ̀ mọ́tò sì ń ta iná pẹẹrẹpẹ. Ọ̀tánétọ̀ tí wọ́n ṣe fún ojú omi ní ààbò kí iná yẹn má kan èéfín. Àmì ìlànà SAE J1171 ni kí olùrà wá lára rẹ̀. Ti Ládípọ̀ kì í ní in. Ibí yìí ni kí ẹnikẹ́ni má ti ṣahun.

Omi náà yàtọ̀ síra. Ẹ̀pẹ́ wà láàárín ọ̀sà Lẹ́kí, tí omi rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi tútù, àti ọ̀sà Èkó, tí iyọ̀ máa ń pọ̀ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iyọ̀ kì í bá ìsorí wáyà ṣọ̀rẹ́. Rẹ́gúlétọ̀ ìta ní ìsorí tó pọ̀ ju ti inú lọ, nítorí náà ọkọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìkòròdú àti Èkó lójoojúmọ́ á rí ìyà ìsorí ju èyí tó ń ṣọdẹ ẹja ní apá Lẹ́kí lọ. Kí wọ́n gbé rẹ́gúlétọ̀ sínú àpótí tó dé pinpin, lókè ibi tí omi lè dé, kí wọ́n fi gírísì bo ẹnu ìsorí, kí wọ́n sì máa ṣí i wò lóṣooṣù.

Kí ó tó gbéra

Awakọ̀ kọ́rópè àti ti dánfó, kí ó fi owó rẹ̀ ra ti inú, kó sì fi ṣẹ́ńjì tó kù ra fóltímítà kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ dáṣíbọọ̀dù. Akanbàálù, ti ìta pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ fólítì, tàbí ti inú tí wọ́n tún kọ́ kó ṣeé pa. Ọlọ́kọ̀ ojú omi, kí ó wo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ná: bí kò bá lè ṣiṣẹ́ láìsí bátìrì, kí ó ṣe bí akanbàálù.

Ohunkóhun tó bá yàn, ìdánwò ìkẹyìn kan náà ni. Kí wọ́n jí ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n fi mítà sórí bátìrì gan-an, kí wọ́n ka fólítì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń fẹsẹ̀ palẹ̀, kí wọ́n tún un kà nígbà tó ń sáré, kí wọ́n wá tan gbogbo iná, kí wọ́n tún un kà. Lẹ́yìn èyí, kí mítà lọ sí ẹnu wáyà tí rẹ́gúlétọ̀ fi ń wo fólítì. Bí ó bá fi ju ìdámẹ́wàá fólítì méjì yàtọ̀ sí ti bátìrì, ìsorí kan ń jalè. Kí wọ́n wá a rí kí ọkọ̀ tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ní súìṣì fíìdì, kí ó pa á lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń fẹsẹ̀ palẹ̀, kó sì wo bóyá fólítì wálẹ̀ sí 12 àti díẹ̀. Bí kò bá wálẹ̀, ọ̀tánétọ̀ náà ní ọ̀nà mìíràn tó ń gbà jẹun tí onílé kò mọ̀.

Kí wọ́n wá kọ gbogbo iye náà sórí bébà pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n kà á, kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí bátìrì, níbi tí rìwáyà mìíràn, lọ́jọ́ mìíràn, ní ẹbúté mìíràn, yóò ti kọ́kọ́ wò.